Altoona: Ìlú tí Rélùwéè Tẹ̀dó sí Ẹsẹ̀ Òkè

Altoona kò ní odò ńlá tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà. Kò ní ọjà àtijọ́, kò ní ààfin ìjọba, kódà ilé ẹjọ́ àgbègbè rẹ̀ kò sí níbẹ̀; ìlú kékeré Hollidaysburg tó wà nítòsí ló ni ìyẹn. Oko ni ilẹ̀ náà jẹ́ kí ọdún 1849 tó dé, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Allegheny, ní àárín ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún náà ni àwọn ará Pennsylvania Railroad gba ilẹ̀ oko yẹn, tí wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ìlú lélẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1930, 82,054 ni wọ́n bá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 2020, wọ́n ti dín sí 43,963.

Ìbéèrè tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò kò ju méjì lọ: kí ló kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ sórí ilẹ̀ oko, kí ló sì tú wọn ká? Ìdáhùn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé rélùwéè ló tẹ̀ ẹ́ dó, pé rélùwéè kú, ìlú náà sì bá a lọ. Apá àkọ́kọ́ tọ̀nà. Apá kejì kò tọ̀nà rárá, nítorí rélùwéè kò kú ní Altoona. Títí di òní, tọ̀sán tòru ni ọkọ̀ ẹrù ń gba àárín ìlú náà kọjá, tí ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ wọn. Nǹkan mìíràn ló kú.

Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí kò lè mọ ìdí tí ìlú fi wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá gbéra láti Philadelphia, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, àwọn òkè tí yóò kọ́kọ́ bá lọ́nà tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọgbọọrọ bí ebè nínú oko. Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n odò ti là wọ́n kọjá. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé odò Juniata lè ti agbègbè Harrisburg rìn ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ láì gun ibi tó le kankan. Ìgbà tó bá dé ibi tí Altoona wà ni ọ̀ràn yóò yí padà. Òkè kan dìde níbẹ̀ lójijì, ó nà lọ sọ́tùn-ún sósì, kò sì sí odò tó là á já. Allegheny Front ni orúkọ rẹ̀. Omi tó bá ṣàn láti ìhà Altoona ń lọ sínú odò Susquehanna, ó sì ń gba ibẹ̀ bọ́ sí òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tó bá ṣàn láti ẹ̀yìn òkè ń tọ odò Ohio àti Mississippi lọ sí Gulf of Mexico. Láti Altoona dé Gallitzin tó wà lórí òkè, nǹkan bí máìlì 12 péré ni irin gùn, ṣùgbọ́n gíga tí ọkọ̀ yóò gùn láàárín wọn súnmọ́ 1,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Ta ló wá sọ pé dandan ni kí òun gun irú òkè bẹ́ẹ̀? Àwọn oníṣòwò Philadelphia ni. Ní 1825, New York parí Erie Canal, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ láti odò Hudson dé adágún Erie, ọjà àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ sí New York. Kò pẹ́ tí Baltimore náà fi ń tẹ irin tirẹ̀ kọjú sí odò Ohio. Ìjọba Pennsylvania kò fẹ́ gbẹ́yìn, wọ́n wá kọ́ àdàlù ọ̀nà kan tó parí ní 1834: rélùwéè láti Philadelphia, lẹ́yìn náà ọ̀nà omi, lẹ́yìn náà rélùwéè orí òkè, lẹ́yìn náà ọ̀nà omi títí dé Pittsburgh. Rélùwéè orí òkè yẹn, Allegheny Portage Railroad, ni ibi tí iṣẹ́ ti le jù. Máìlì 36 ni, láti Hollidaysburg sí Johnstown, ibi mẹ́wàá ló sì wà lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ ti ga débi pé ẹ̀rọ tó dúró sójú kan ní òkè ní láti fi okùn fa ọkọ̀ gòkè, kó sì fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ń tú àwọn ọkọ̀ ojú omi kan sí abala abala, wọ́n ń gbé wọn lé orí irin, wọ́n ń fà wọ́n kọjá orí òkè, wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ lódì kejì. Charles Dickens, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Ìlú Ọba, gba ibẹ̀ kọjá ní 1842, ó sì kọ nípa rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni John Roebling, tó padà wá yàwòrán afárá Brooklyn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn onírin rọ́pò okùn lásán tó máa ń já níbẹ̀.

Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ yìí, kò yẹ ká fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó, ó lọ́ra, omi a sì máa dì nígbà òtútù tí gbogbo ìrìn yóò fi dúró. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹrù ń lò láti Philadelphia dé Pittsburgh. Ní 1846, àwọn olówó Philadelphia gba ìwé àṣẹ fún Pennsylvania Railroad, ilé iṣẹ́ aládàáni tí yóò tẹ irin láti Harrisburg dé Pittsburgh láìsí pé ẹnikẹ́ni ń já ẹrù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ibí ni J. Edgar Thomson, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà, ti wọ inú ìtàn, ìpinnu tó ṣe ló sì bí Altoona. Ọ̀nà méjì ló wà fún un. Ó lè jẹ́ kí irin tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ọ̀nà jíjìn, kó máa rọra ga díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, kí ìnira náà pín kiri. Ó sì lè jẹ́ kí irin dúró nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá odò títí yóò fi dé ẹsẹ̀ òkè, kó wá kó gbogbo ìnira náà sí ojú kan. Èyí ìkejì ló yàn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó láti fa ọkọ̀ láti Harrisburg dé ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ nìkan ni wọn yóò ti máa fi ẹ́ńjìnnì mìíràn kún un. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ń dúró de iṣẹ́ nílò ilé, ó nílò omi àti èédú, ó nílò ẹni tí yóò wà á àti ẹni tí yóò tún un ṣe. Gbogbo wọn ní láti sùn níbì kan. Ìdí tí ilẹ̀ oko fi di ìlú nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá orúkọ olùdásílẹ̀ Altoona kò gbọdọ̀ wá a láàárín àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́. Inú ìṣirò Thomson ló wà.

Ìṣirò náà tún nílò ibi tí irin yóò gbà gòkè. Ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, àfonífojì kan wọ inú òkè lọ, ó sì pín sí méjì ní ìparí rẹ̀, níbi tí omi Kittanning Run àti ti Glen White Run ti ń ṣàn wá. Irin kò lè gba ibẹ̀ gòkè tààrà. Ohun tí Thomson ṣe ni pé ó jẹ́ kí irin gba ẹ̀gbẹ́ kan àfonífojì náà wọlé, ó fi iyẹ̀pẹ̀ di àwọn kòtò méjèèjì, ó gé imú òkè tó wà láàárín wọn, ó wá jẹ́ kí irin yí po, kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì padà síta, síbẹ̀ kó ṣì máa gòkè. Horseshoe Curve ni wọ́n ń pè é. Gígùn ìyípo náà jẹ́ 2,375 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ọkọ̀ ẹrù gígùn bá ń yí níbẹ̀, ẹni tó wà nínú ẹ́ńjìnnì iwájú lè bojú wo òdì kejì àfonífojì kó rí ìrù ọkọ̀ òun fúnra rẹ̀. Kò sí katakata nígbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ireland dé ni wọ́n fi dígà, ṣọ́bìrì àti ẹ̀tù ṣe é, lójú òtútù àti oòrùn. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1854, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè Gallitzin kí ọkọ̀ lè yọ sí òdì kejì. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin di ìrìn tí kò pé ọjọ́ kan. Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ìjọba fi ta àdàlù ọ̀nà tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ yìí kan náà, ní 1857, ní mílíọ̀nù méje ààbọ̀ dọ́là.

Bí ìlú náà ṣe rí lórí ilẹ̀ fi ẹni tó ni ín hàn. Rélùwéè kò gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá; òun ló wà láàárín, ìlú ló wá tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí àwọn òpópónà ńláńlá sì tẹ̀lé ipa irin. Ẹni tó bá fẹ́ ti apá kan lọ sí èkejì ní láti gba orí afárá tàbí abẹ́ rẹ̀. Ní 1860, ènìyàn 3,591 ló ń gbé níbẹ̀. Ní 1900, wọ́n ti di 38,973. Àwọn ará Jámánì wà lára wọn, àti àwọn ará Ireland, àti àwọn ará Ítálì tó dé lẹ́yìn wọn. Ìjọba sọ ọ́ di ìlú ńlá lábẹ́ òfin ní 1868.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, nítorí ìtàn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ilé iṣẹ́ rélùwéè kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan sí Altoona ní 1855, wọ́n pè é ní Logan House, kí àwọn èrò ọkọ̀ lè rí ibi jẹun, kí wọ́n sì rí ibi sùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, nígbà tí ogun kò rọgbọ, Andrew Curtin tó jẹ́ gómìnà Pennsylvania pe àwọn gómìnà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìhà àríwá sí ìpàdé níbẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ Altoona kò ṣòro láti mọ̀: ojú irin ló wà, ó sì jìnnà sí ariwo Washington. Ọjọ́ 22 oṣù náà ni Ààrẹ Abraham Lincoln ṣe ìkéde pé òun yóò dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà. Ọjọ́ 24 ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Àwọn gómìnà jíròrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ṣe àtìlẹ́yìn fún Lincoln àti ìkéde rẹ̀, ṣùgbọ́n gómìnà Maryland, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣì ti ń kó ẹrú, kò fọwọ́ sí i. Wọ́n wó Logan House ní ọdún 1931. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ibi iṣẹ́ rélùwéè ló wá jẹ́ ọkàn ìlú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibi àtúnṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1850 sí 1860, ó sì dàgbà di ibi tí wọ́n ti ń rọ irin, tí wọ́n ti ń ṣe àgbá kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù. Ní nǹkan bí 1890, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ mìíràn ní àdúgbò Juniata fún ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní Altoona kó tó di pé wọ́n dáwọ́ dúró lé ní 6,000. Ilé iṣẹ́ rélùwéè mìíràn a máa ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é tà. Pennsylvania Railroad máa ń yàwòrán tirẹ̀, ó sì máa ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fúnra rẹ̀. Ìgbéraga wà nínú ìyẹn, ó sì padà wá bá wọn jà.

Síbẹ̀, tí mo bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo tí Altoona fún ayé, n kò ní yan ẹ́ńjìnnì. Yàrá àyẹ̀wò kékeré kan ni n óò yàn. Ní 1875, ilé iṣẹ́ náà gba onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Charles B. Dudley síṣẹ́. Irú nǹkan báyìí ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Kí ni rélùwéè fẹ́ fi oníkẹ́míkà ṣe? Dudley bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ epo wò, ó yẹ ọṣẹ wò, ó yẹ ọ̀dà wò, lẹ́yìn náà ó kọjú sí irin ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀: kí ló dé tí òmíràn fi ń tètè jẹ, tí òmíràn sì ń pẹ́? Àwọn tó ń ṣe irin tà kò fẹ́ràn ìbéèrè yìí, wọ́n bá a ṣe àríyànjiyàn fún ọdún púpọ̀. Ohun tí Dudley ń bèèrè ni pé kí olùrà kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an irú ohun tó fẹ́, kí olùtà sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ọjà rẹ̀ wò kí wọ́n tó sanwó. Láti inú èrò yìí ni ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ sí ASTM ti jáde ní 1898, Dudley sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti 1902 títí ó fi kú ní 1909. Símẹ́ńtì, irin, epo, rọ́bà: káàkiri ayé ni wọ́n ṣì ń fi ìlànà ẹgbẹ́ yẹn dán wọn wò. Ẹ̀rọ ìdánwò mìíràn tún wà ní Altoona, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbi àfihàn ọjà àgbáyé ní St. Louis ní 1904. Wọn a gbé odindi ẹ́ńjìnnì lé orí àgbá tó ń yí, wọn a koná mọ́ ọn, á sì máa sáré lójú kan, kí wọ́n lè wọn agbára rẹ̀ àti iye èédú tó ń jẹ.

Òkìkí ìlú náà dé etí àwọn ọ̀tá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, ìjọba Hitler fi ọkọ̀ abẹ́ omi gbé ọkùnrin mẹ́jọ wá sí etíkun Amẹ́ríkà, àwọn kan sí Long Island, àwọn ìyókù sí Florida, kí wọ́n lè fi bọ́ǹbù ba àwọn ibi pàtàkì jẹ́. Horseshoe Curve wà lára ibi tí wọ́n rán wọn sí. Ọ̀kan nínú wọn, George Dasch, lọ tú àṣírí fún àwọn FBI, wọ́n sì kó gbogbo wọn. Mẹ́fà ni wọ́n pa. Òkè fúnra rẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láìsí bọ́ǹbù: ní oṣù Kejì ọdún 1947, ọkọ̀ èrò Red Arrow tó ń ti Detroit bọ̀ já kúrò lójú irin bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá Gallitzin, ènìyàn 24 sì kú.

Wàyí o, ìbéèrè kejì. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dá ẹ̀bi ìrẹ̀sílẹ̀ Altoona lé Penn Central, ilé iṣẹ́ tí Pennsylvania Railroad àti New York Central tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1968, tí gbèsè sì gbé mì ní oṣù Kẹfà ọdún 1970. Òun ni ìwó-lulẹ̀ ilé iṣẹ́ tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà títí di ìgbà yẹn, nítorí náà ó rọrùn láti nàka sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ènìyàn. Ní 1930, 82,054. Ní 1950, 77,177. Ní 1960, 69,407. Ìlú náà ti pàdánù ju 12,000 ènìyàn lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Penn Central. Ẹjọ́ náà kò lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Dísẹ́ẹ̀lì ni mo nàka sí. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì eléèédú kì í tán. Wọ́n ń kó eérú rẹ̀, wọ́n ń fọ inú ìkòkò omi rẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ àwọn páìpù inú rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ ló nílò, Altoona ló sì ní wọn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń ti ilé iṣẹ́ General Motors ní Illinois bọ̀ ní ṣíṣetán, ẹ̀yà ara rẹ̀ ń ti inú páálí jáde, awakọ̀ kan sì lè darí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n so pọ̀. Àwọn ọ̀gá Pennsylvania Railroad lọ́ra láti gbà á. Èédú ni ẹrù tó ń mú owó wọlé fún wọn jù, wọn kò sì fẹ́ kẹ̀yìn sí oníbàárà wọn. Ìgbéraga tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà kò kéré níbẹ̀. Ní 1945 àti 1946, Altoona ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì eléèédú T1, ó rẹwà, ó ń sáré bí àṣá, ó sì ń fún àwọn tó ń tún un ṣe ní wàhálà. 1946 yẹn ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ pàdánù owó lọ́dún kan láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Nígbà tí 1957 fi máa parí, eléèédú ti kúrò lójú irin wọn pátápátá, iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá a lọ.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọjà Altoona ní. Nígbà tí Pennsylvania kọ́ ọ̀nà mọ́tò tó yára, èyí tó ṣí ní 1940, gúúsù ni wọ́n gbé e gbà, lẹ́bàá Bedford, wọ́n sì lo àwọn ihò abẹ́ òkè tí ilé iṣẹ́ rélùwéè mìíràn ti gbẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1884, tí kò parí. Ọ̀nà mọ́tò ńlá kejì, I-80, gba àríwá. Ẹsẹ̀ òkè tó mú rélùwéè wá kò wu mọ́tò. Ó pẹ́ gan-an kí ọ̀nà mọ́tò I-99 tó so Altoona mọ́ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

Ó yẹ kí a tún fi nǹkan kan kún un kí ọ̀rọ̀ má bàa ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ẹni tó kúrò nínú Altoona kọ́ ló jìnnà. Blair County tí ìlú náà wà nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 140,000 ènìyàn ní 1930, ó sì ṣì ní ju 122,000 lọ ní 2020. Ọ̀pọ̀ kàn ṣí lọ sí ẹ̀yìn ìlú, níbi tí àyè wà fún mọ́tò àti ọgbà, bí wọ́n ti ṣe níbi gbogbo ní Amẹ́ríkà.

Kí ló kù? Ilé iṣẹ́ rélùwéè Conrail gba irin náà ní 1976, ilé iṣẹ́ Norfolk Southern gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1999. Ní 1995, wọ́n mú ihò Gallitzin gbòòrò sí i kí ọkọ̀ tó gbé kọ̀ǹténà méjì lérí ara wọn lè kọjá. Irin mẹ́ta ló wà ní Horseshoe Curve dípò mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì ìrànwọ́ sì ṣì ń ti ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn gun òkè. Wọ́n ṣì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Juniata. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn UPMC àti ẹ̀ka Yunifásítì Penn State wà lára àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jẹun báyìí, orúkọ tó sì ti Altoona jáde tí àwọn ará ìlà oòrùn Amẹ́ríkà mọ̀ jù lónìí ni Sheetz, tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1952: ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù ojú ọ̀nà tó ń ta epo fún mọ́tò. N kò mọ ẹ̀fẹ̀ tó dùn ju ìyẹn lọ nínú ìtàn ìlú rélùwéè.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1882 fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì 1361, ọmọ Altoona gan-an, tí wọ́n ti tú palẹ̀ láti 1996 fún àtúnṣe, ti ná wọn ní owó àti ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, ìtàn Dudley ló yẹ kí wọ́n gbé síwájú ju ẹ́ńjìnnì lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó wo ìgò oníkẹ́míkà?

Ẹni tó bá wà ní New York tàbí Philadelphia tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òkè náà kò nílò mọ́tò. Kó wọ Pennsylvanian, ọkọ̀ èrò Amtrak tó ń lọ sí Pittsburgh, kó sì jókòó sí apá òsì.